Ẹ̀kọ́ ìṣàkóso àkọsílẹ̀ ìlera ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ẹ̀kọ́ ìṣàkóso àkọsílẹ̀ ìlera ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sọ ènìyàn di òṣìṣẹ́ tí ń ṣí fáìlì fún aláìsàn, tí ń to ìwé ìtọ́jú rẹ̀ jọ, tí ó sì ń pa á mọ́ ní ilé-ìwòsàn. Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ yìí súnmọ́ ti akọ̀wé dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Akọ̀wé ti Amẹ́ríkà ń kọ ọ̀rọ̀ dókítà àti aláìsàn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ń tọ́jú ohun tí dókítà fúnra rẹ̀ ti kọ.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Ìgbìmọ̀ Ìforúkọsílẹ̀ Àwọn Òṣìṣẹ́ Àkọsílẹ̀ Ìlera ti Nàìjíríà, HRORBN, ni òfin ọdún 1989 gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Òun ni ó ń pinnu ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀, tí ó sì ń forúkọ àwọn tí ó yege sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ògùn wà ní Ilese, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. UCH ní Ìbàdàn náà ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ní gbogbogbòò lè kọ́ ọ ní Federal Polytechnic Ìlaròó, tí a dá sílẹ̀ ní 1979.

Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ orúkọ ẹ̀yà ara àti àìsàn, ìṣirò, òfin ìlera, lílo kọ̀ǹpútà, àti ICD, ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń fún àìsàn kọ̀ọ̀kan ní àmì.

Ìwúlò rẹ̀ ní Ọ̀tà

Ọ̀tà ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, níbi tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí láti Sàǹgó dé Agbára. Òfin owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́, ti ọdún 2010, ní kí òṣìṣẹ́ tí ó farapa sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ sì fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ìwé ilé-ìwòsàn wà lára ẹ̀rí pàtàkì tí ó ń fi ọjọ́ àti irú ìfarapa hàn. Bí a bá ṣi ọjọ́ kọ, tàbí tí fáìlì sọnù, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ náà lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Orúkọ nìkan kò tó láti fi dá fáìlì mọ̀: ènìyàn púpọ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà, obìnrin sì lè yí tirẹ̀ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ìdí nìyí tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan fi ń gba káàdì tí ó ní nọ́mbà tirẹ̀.

Àṣírí aláìsàn

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ka ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn sí àṣírí. A kò gbọdọ̀ tú u síta àyàfi bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, bí ilé-ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, tàbí bí pípa á mọ́ bá lè fa ewu ńlá fún ìlera ará ìlú. Òbí tàbí alágbàtọ́ ni ó ń béèrè fún ọmọdé. Nítorí náà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti gba èsì àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kìkì nítorí pé òun ni ó sanwó ìtọ́jú. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti ọdún 2023 náà fi ọ̀rọ̀ ìlera sí ara ìsọfúnni tí ó nílò ìṣọ́ra pàtàkì, ìbáà wà nínú fáìlì tàbí nínú kọ̀ǹpútà.