Omi inú ewé tó ṣì wà láàyè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe kíláàsì mi rí á rántí: a já ewé, a gbé e sórí òṣùwọ̀n, a tì í sínú oven títí ó fi gbẹ, a tún un wọ̀n. Ohun tó dín nínú rẹ̀ ni omi. Ó dáa, àmọ́ ewé ti kú.

Stephen Hales, àlùfáà ní Teddington, ò pa tiẹ̀. Ìwé rẹ̀ ti 1727 sọ bó ṣe fi òjé pẹlẹbẹ bo ẹnu ìkòkò tó gbin sunflower sí, kí omi má baà gba ojú iyẹ̀pẹ̀ lọ, tó sì ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó mọ iye omi tó jáde. Èyí tó kù nínú ewé ńkọ́? Kò ríbi gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní 1946, Bloch àti Purcell, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní Amẹ́ríkà, rí i pé háídírójìn tó bá wà láàárín òòfà alágbára máa ń dá ìgbì rédíò lóhùn. Háídírójìn ló sì pọ̀ jù nínú omi, àbí?

Ìgbà tó di 1984, McCain, Selig, Govindjee àti Markley kọ ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Omi inú ewé kan ṣoṣo dáhùn lóhùn méjì, ìdáhùn náà sì ń yí pa dà bí wọ́n ṣe ń yí ewé. (Kì í ṣe gbogbo ewé o.) Omi inú chloroplast, níbi tí ewé ti ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, ló ń dá ohùn tirẹ̀ yọ, torí pé létòlétò ni chloroplast inú ewé bẹ́ẹ̀ tẹ́ sí. Oven tiwa ì bá ti pa omi méjèèjì pọ̀.