Sonde kì í ṣe ẹ̀wọ̀n

Ìtàn ohun kan tó máa ń tini lójú la mú wá lónìí: rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí sonde.

Ta ni nínú wa tí kò mọ bàbá kan tí kò jáde wá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ nítorí ọ̀rá ìtọ̀ tó so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? A máa ń rò pé bó ṣe máa wà títí ayé nìyẹn. Ìtàn sọ nǹkan míràn.

Ní nǹkan bí ọdún 1860, Auguste Nélaton, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Paris, sọ sonde onírọ́bà rírọ̀ di ohun tó gbajúmọ̀. Wọ́n á fi sí i, ìtọ̀ á jáde, wọ́n á yọ ọ́. Ní àwọn ọdún 1930, Frederic Foley ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tó ní àpò kékeré lórí. Wọ́n á fi omi kún àpò náà nínú ilé ìtọ̀, kò sì ní lè yọ bọ́. Ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ohun tó bá pẹ́ nínú ara báyìí, kòkòrò àrùn á bá a gbé ibẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ sójà tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣẹ́ ló kú nítorí àrùn tó gba ilé ìtọ̀ lọ sí kíndìnrín. Ludwig Guttmann, Júù tó sá kúrò ní Jámánì ní 1939, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú irú wọn ní Stoke Mandeville, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1944. Dípò kí sonde máa gbé ara aláìsàn, wọ́n ń fi sí i, wọ́n ń yọ ọ́, lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, pẹ̀lú ohun èlò tí kòkòrò kankan kò sí lára rẹ̀. Ní 1966, òun àti Hans Frankel kọ ìròyìn nípa aláìsàn 476 tí wọ́n tọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ni iṣẹ́ náà ṣì wà. Ní 1972, Jack Lapides ní Michigan kọ ọ́ pé aláìsàn lè ṣe é fúnra rẹ̀ nílé, kó ṣáà ti fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ àti sonde. Àwọn dókítà kan bínú. Àlàyé rẹ̀ rèé: bí ilé ìtọ̀ bá kún jù, ara rẹ̀ á nà, ẹ̀jẹ̀ kò ní ṣàn dé ibẹ̀ dáadáa, kòkòrò á sì borí. Nítorí náà, kí ìtọ̀ jáde lásìkò ṣe pàtàkì ju kí ohun èlò má ní kòkòrò rárá.

Àwọn tí kò lè jókòó sí ilé ìwé, sí ọjà tàbí sí ilé ìjọsìn tẹ́lẹ̀ wá padà sí àwùjọ.

Ẹni tó ní sonde lára kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á yọ o. Àpò inú rẹ̀ lè ya ojú ara. Kò sì ṣeé ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà: “Ṣé dandan ni kí èyí máa gbé ara bàbá wa? Ṣé a lè kọ́ bí a ó ṣe máa fi sí i, tí a ó sì máa yọ ọ́? Ṣé oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè ràn án lọ́wọ́?”

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ bá wa fi han àwọn ará ilé o.