Ọya Nínú Ọba Kò So: Ipa Abíọ́dún Nínú Eré Dúró Ládiípọ̀

Ní Òṣogbo, láti Òkè-Baálẹ̀ títí dé Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, orúkọ Dúró Ládiípọ̀ kì í ṣe àjèjì. Tíṣà ni kó tó di eléré. Ní 1961, ó fi ìlù ìbílẹ̀ sí orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì; àwọn àgbà ìjọ kò fara mọ́ ọn. Ní 1962, òun àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀, Ọba Kò So sì jáde ní 1963. Èyí ni a máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Èyí tí a kì í sábà kọ́ wọn ni ipa Abíọ́dún, aya rẹ̀, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ Ọya.

Ládiípọ̀ ni olùdarí, òun náà ni Ṣàngó. Olùdarí tí ó wà lórí ìtàgé kò lè dúró lókèèrè kí ó máa wo ara rẹ̀. Ẹni tí ó kojú rẹ̀ nínú eré ni yóò bá a gbé e ró, Ọya sì ni ẹrù yìí já lé léjìká. Ẹ wo bí ìtàn náà ti rí. Ṣàngó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ (Ẹdẹ tí kò jìnnà sí Òṣogbo yìí náà ni), ó rán Gbọ̀nkáà tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ sì dojú rú mọ́ ọba lọ́wọ́. Nígbà tí Ọya pàápàá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò ku ẹnìkan fún un mọ́. Bí ohùn Ọya kò bá ti jẹ́ kí a gbà pé ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kò ní mọ ohun tí Ṣàngó pàdánù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìdánwò wa. Inú téèpù ni R. G. Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti da ìwé tí Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ ní 1972 kọ. Ohun tí ẹnu àwọn òṣèré sọ ni a ń kà níbẹ̀. N kò ní kí a gba eré lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè lórí ìwà Ṣàngó nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè nípa Ọya gẹ́gẹ́ bí apohùn.

Ládiípọ̀ kú ní oṣù kẹta ọdún 1978. Abíọ́dún ni ó kó ẹgbẹ́ náà jọ, tí ó ń darí wọn, Ọba Kò So sì tún gun orí ìtàgé.