Ta Ló Já Òdòdó Náà?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òdòdó kan wà tí mo fẹ́ kí a wo ilé rẹ̀ wò, nítorí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kò fi gbogbo ìtàn rẹ̀ hàn wá. Bougainvillea ni, ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń gun ògiri ilé ní Èkó àti Ìbàdàn, tó ń pọ́n fòò tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa o. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá: Brazil, Bolivia, Peru, Paraguay àti Argentina.

Ohun pupa tí gbogbo wa ń pè ní òdòdó yẹn, ewé ni. Ẹ já ẹyọ kan kí ẹ wo àárín rẹ̀. Ewé mẹ́ta lẹ ó rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé ohun funfun tín-ín-rín kan dání. Ohun funfun kékeré yẹn gan-an ni òdòdó. Iṣẹ́ ewé aláwọ̀ náà ni kó máa pe kòkòrò àti ẹyẹ wá síbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ewéko kì í fi àwọ̀ nìkan wá ẹbí, inú òdòdó ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹbí kan náà ni bougainvillea, tannáposó tó máa ń tanná lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, àti ètìpọ́nlá tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń tà lọ́jà. Nyctaginaceae ni wọ́n ń pe ẹbí náà.

Ó ku orúkọ. Ní àárín ọdún 1767, ọkọ̀ ojú omi Faransé méjì gúnlẹ̀ sí Rio de Janeiro. Louis-Antoine de Bougainville ni ọ̀gá wọn. Ó fẹ́ yí ayé po. Philibert Commerson, dókítà tó ń ṣa ewéko jọ fún ọba, wà nínú ọ̀kan, òun àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Jean Baret. Àṣé obìnrin ni Jean! Jeanne lorúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1740. Òfin kò gba obìnrin láàyè nínú ọkọ̀ ọba, ló bá wọ ṣòkòtò.

Ẹsẹ̀ ń yọ Commerson lẹ́nu. Ta lẹ rò pé ó ń rù, tó ń sọ̀? Bougainville fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1771 pé Baret ló ń ru oúnjẹ, ohun ìjà àti ìwé ewéko nínú òtútù Magellan, débi pé Commerson ń pè é ní ẹran arẹrù òun. Àwọn òpìtàn kan gbà pé ọwọ́ Baret ló já ìtàkùn yẹn ní Rio. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ni wọ́n fún un. Jussieu tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1789, ó kọ ọ́ ní Buginvillaea; ẹ̀yìn náà ni wọ́n tún un kọ.

Àṣírí Baret tú ní Tahiti ní 1768. Òun àti Commerson dúró sí Mauritius, ibẹ̀ ni Commerson kú sí ní 1773. Baret fẹ́ sójà kan, ó padà sílé, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó yí ayé po. Ní 1785 ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní 200 livre lọ́dún. Ó kú ní 1807.

Commerson ti fẹ́ sọ ewéko kan ní Baretia, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò dúró. Ọdún 2012 ni wọ́n tó sọ ìtàkùn kan láti Ecuador àti Peru ní Solanum baretiae, ìbátan ìgbá àti tòmátì. 205 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ nìyẹn! Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Mi ò ní kí wọ́n pa orúkọ bougainvillea dà. Ọ̀gá ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì dárúkọ obìnrin náà sínú ìwé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ń ru ẹrù náà wà nínú ìtàn. Bí ẹ bá tún rí pupa yẹn lórí ògiri, ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ wo funfun kékeré tó wà láàárín.