Àṣírí Aláìsàn: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn Henrietta Lacks

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Òwe yìí ni yóò ṣe atọ́nà wa lónìí. Nígbà tí aláìsàn bá ti sọ tẹnu rẹ̀ fún dókítà, tí dókítà sì ti kọ ọ́ sínú ìwé, ta ni ó ni ohun tí a kọ? Ta ni a lè fi hàn, ta ni a kò sì gbọdọ̀ fi hàn?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀làjú òde òní ni ó bí ìbéèrè yìí. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí a ti gbé ìbúra kan kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gíríìkì, èyí tí a ń fi orúkọ Hippocrates pè. Nínú rẹ̀, oníṣègùn jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ohun tí òun bá rí tàbí tí òun bá gbọ́ nídìí iṣẹ́ òun, tí kò yẹ kí ó jáde, òun yóò pa á mọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ẹni tí ó bá lọ dífá kì í sábà kọ́kọ́ ka ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú babaláwo. Yóò mú owó, yóò gbé e súnmọ́ ẹnu, yóò sì sọ ohun tí ó ń dà á láàmú sí i wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn tí Ifá bá ti fọhùn, ohun tí ó bá wù ú láti tú síta ni yóò tú síta. Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ ẹni tí ọ̀ràn kàn ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Kí ni í ṣẹlẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ náà bá bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn? Ìtàn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ará Amẹ́ríkà, lè dá wa lóhùn. Henrietta Lacks ni orúkọ rẹ̀. Àárín àwọn àgbẹ̀ tábà ni ó ti dàgbà ní ìpínlẹ̀ Virginia; ó lọ́kọ, ó sì bí ọmọ márùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1951, ó lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, níbi tí wọ́n ti ń ya wọ́ọ̀dù àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ láyé ìgbà náà. Àrùn jẹjẹrẹ ni wọ́n rí ní ẹnu ilé-ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ lára ibi tí àrùn náà wà, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí yàrá ìwádìí George Gey. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà rí nígbà náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún náà, Henrietta kú ní ẹni ọdún 31.

Ara rẹ̀ wọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò kú. Láàárín nǹkan bí wákàtí 24, wọn a di ìlọ́po méjì. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, pé kí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn máa pọ̀ sí i nínú ìgò láìdáwọ́ dúró. Àwọn ni a lò láti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn rọpárọsẹ̀ tí Jonas Salk ṣe wò, àwọn olùwádìí kárí ayé sì ń lò wọ́n títí di òní. Gey sọ wọ́n ní HeLa, èyí tí ó jẹ́ lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ obìnrin náà àti lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní èdè yóò rí i pé orúkọ yìí fúnra rẹ̀ ti ṣí ìlẹ̀kùn díẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, àwọn ìwé ìròyìn ń pe obìnrin náà ní Helen Lane. Ní ọdún 1971, lẹ́yìn ikú Gey, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn kan kọ orúkọ rẹ̀ gan-an jáde.

Ọdún 1973 ni ìdílé rẹ̀ tó gbọ́ pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì wà láàyè. Àwọn olùwádìí wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì HeLa ti wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn, wọ́n sì ń wá ọ̀nà láti dá wọn mọ̀. Àwọn ọmọ rò pé wọ́n ń yẹ àwọn wò bóyá àrùn ìyá àwọn wà lára àwọn ni. Èyí tí ó wá burú jù dé lẹ́yìn náà, nígbà tí akọ̀ròyìn kan tẹ ìwé jáde, tí ó sì fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú ìwé ìtọ́jú Henrietta. Ẹnikẹ́ni nínú ìdílé náà kò yọ̀ǹda rẹ̀. Inú ìwé tí gbogbo ayé lè rà lọ́jà ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ka bí ìrora ṣe pọ̀ lára ìyá rẹ̀ tó kí ó tó kú, àti ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀. Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ ni lójú ni ó fi ata sẹ́nu.

Ẹnìkan lè sọ pé òkú kò mọ ìtìjú. Àwọn dókítà fúnra wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1948, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé gbé ìbúra tuntun kalẹ̀ ní Geneva pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún àṣírí tí aláìsàn bá fi lé àwọn lọ́wọ́. Ní ọdún 1968, wọ́n fi kún un pé ó rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ikú aláìsàn pàápàá. Àrùn òbí lè fi ọ̀nà hàn sí ara ọmọ. Ẹni tí ó bá tú àṣírí òkú lè máa tú ti alààyè pọ̀ mọ́ ọn.

Èyí hàn kedere ní oṣù kẹta ọdún 2013. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Heidelberg, ní ilẹ̀ Jámánì, gbé àkójọ àbùdá sẹ́ẹ̀lì HeLa síta fún gbogbo ayé. Àbùdá yìí ni ọmọ ń jogún lára ìyá àti bàbá. Ìdílé Lacks figbe ta, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò níta. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, National Institutes of Health, tí í ṣe àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìwádìí ìlera, bá wọn ṣe àdéhùn: olùwádìí tí ó bá fẹ́ rí àkójọ náà yóò kọ̀wé béèrè, ìgbìmọ̀ kan yóò sì yẹ ìbéèrè rẹ̀ wò. Àwọn ará ìdílé náà wà lára ìgbìmọ̀ ọ̀hún.

Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Òótọ́ ni pé àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí àwọn dókítà kò bá fi ìmọ̀ han ara wọn, ọ̀pọ̀ àrùn ni a kò ní rí oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn ọdún 2013 kò dá iṣẹ́ ìwádìí dúró. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sí ọwọ́ àwọn tí ọ̀ràn kàn. Ìtọrọ àyè ni ó ṣọ̀wọ́n fún ọdún 62. Kì í ṣe pé ìmọ̀ àti àṣírí kò lè jọ gbé.

Òfin ti wà ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà. Abala 26 nínú Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ohun tí ilé ìwòsàn bá mọ̀ nípa ìlera aláìsàn àti ìtọ́jú rẹ̀. Lára ohun tí ó lè mú kí a tú u ni pé kí aláìsàn fọwọ́ sí i nínú ìwé, kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ, tàbí kí fífi í pamọ́ fẹ́ kó ìlú sínú ewu ńlá. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn wọ wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Bí káàdì aláìsàn bá wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, tàbí tí a bá ń pariwo orúkọ àrùn pọ̀ mọ́ orúkọ ènìyàn níbi tí èrò jókòó sí, òfin ti di ìwé lásán. Ẹni tí ojú bá tì níbẹ̀ lónìí lè má padà wá lọ́la. Yóò bo àrùn rẹ̀ mọ́ra títí yóò fi kọjá ohun tí oògùn ràn, bí ó bá sì jẹ́ àrùn tí í ranni, yóò kó ran ará ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń bọ̀ wá di olùkọ́, dókítà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé, ọwọ́ yín ni ìwé àwọn ẹlòmíràn yóò bọ́ sí. Kí ẹ tó ṣí i fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.