Ìgbaninímọ̀ràn

Bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì bá délé ẹ̀gbọ́n, tí ẹ̀gbọ́n ní, "Ìwọ nìkan kọ́, gbọ́kàn kúrò ńbẹ̀," wọ́n á ní ó ti gbà á nímọ̀ràn. Rárá o. Ìtùnú nìyẹn, ó sì wúlò láàyè tirẹ̀.

Ì, gba, ẹni, ní, ìmọ̀ràn: ohun tó di ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ìmọ̀ràn fúnra rẹ̀ jẹ́ mímọ ọ̀ràn, ẹni tí kò sì tíì gbọ́ ọ̀ràn kò lè mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí olùgbaninímọ̀ràn ìlera ọpọlọ fi máa ń bèèrè kó tó sọ̀rọ̀: Báwo lẹ ṣe ń sùn? Oúnjẹ ńkọ́? Láti ìgbà wo? Ẹ tún kíyè sí ìlò ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó gbani nímọ̀ràn ló sọ ìmọ̀ràn. Ẹni tó gba ìmọ̀ràn ló tẹ́wọ́ gbà á.

Èyí tó dùn mí jù ni pípe ìbáwí ní ìgbaninímọ̀ràn, pàápàá fún ọ̀dọ́. Ẹ̀bi ni ìbáwí ń wá, àárẹ̀ ọkàn kì í sì í ṣe ẹ̀bi.

Bí a ṣe ń lò ó: "Nígbà tí oorun kò kùn ún mọ́, Ṣadé lọ fún ìgbaninímọ̀ràn nílé ìwòsàn Àrò, l'Ábẹ́òkúta."