Irú Ẹni Wo ni Ọlọ́run Tí À Ń Sìn?

Nínú ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí, àwa fẹ́ kí a jọ ronú lórí ìbéèrè kan tí ó rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n tí ìdáhùn rẹ̀ ń ná ènìyàn ní nǹkan: irú ẹni wo ni Ọlọ́run tí à ń sìn?

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì yá ère ẹgbọrọ màlúù ní ẹsẹ̀ òkè Sínáì, orin kò wọ́n wọn, ijó kò wọ́n wọn. Ọrẹ pàápàá kò wọ́n wọn, nítorí wúrà etí wọn ni wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe aláìní ni ìmọ̀ Ẹni tí ó mú wọn jáde kúrò ní oko ẹrú. Lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá yìí ni Mósè bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run fi ògo rẹ̀ han òun. Ẹ ṣàkíyèsí èsì tí ó rí gbà nínú Ìwé Ẹ́kísódù, orí 34. Ọlọ́run kò ka iye ogun tí ó ti ṣẹ́ fún un. Ìwà rẹ̀ ni ó sọ: àánú rẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ rẹ̀, ìpamọ́ra rẹ̀, òtítọ́ rẹ̀, àti òdodo rẹ̀ tí kì í pe ẹ̀bi ní àre. Lójú kan náà ni Mósè wólẹ̀, ó sì sìn. Ìmọ̀ ìwà Ọlọ́run ni ó ṣáájú, ìsìn ni ó tẹ̀ lé e.

Báwo ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe dé ẹnu àwa Yorùbá? Ìtàn náà mú wa padà sí Òṣogùn ní ọdún 1821, nígbà tí àwọn akónilẹ́rú kọ lu ìlú náà, tí wọ́n sì mú ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á, títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Pọtogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì mú un lọ sí Sierra Leone. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825, tí a sì ń pè é ní Samuel Àjàyí Crowther. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ó darí ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ìtumọ̀ Ìwé Romu tí ó ṣe jáde ní ọdún 1850, Bíbélì Yorùbá sì pé lódindi ní ọdún 1884, lẹ́yìn làálàá òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Orúkọ Ọlọ́run tí àwọn baba wa ti mọ̀ ni wọ́n lò. Ọ̀rọ̀ bí àdúrà àti wàásù, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ti ń lò wọ́n kí Bíbélì tó dé, láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n sì ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ń gbé Tudun Wada tàbí Kawo kò ní bá wa jiyàn, nítorí ó ń gbọ́ addu'a àti wa'azi lẹ́nu àwọn Hausa aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé oore-ọ̀fẹ́ yẹ̀ wò. Oore ni, ọ̀fẹ́ sì ni: a kò rà á, a kò sì lè san án padà. Ta ni ì bá mọ adùn ọ̀rọ̀ yìí ju ẹni tí a ti fi pààrọ̀ ẹṣin rí? Onípamọ́ra ńkọ́? Ẹni tí ó ní agbára àtigbẹ̀san ni, ṣùgbọ́n tí ó pa ìbínú rẹ̀ mọ́ra.

Àwọn baba wa tí wọ́n bá ọ̀nà rélùwéè gòkè wá sí Kàdúná, ìlú tí Lugard tẹ̀ dó ní ọdún 1913, mú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wá. Akọ̀wé ni àwọn kan, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni àwọn mìíràn, aránṣọ àti oníṣòwò sì wà láàrin wọn. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n bímọ, wọ́n sì ń sin Ọlọ́run ní èdè wọn.

Ìgbà ìdánwò dé. Ní oṣù kẹta ọdún 1987, rògbòdìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Kafanchan ràn dé Kàdúná. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, ti Zangon Kataf tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ìjà lórí òfin Ṣàríà gba ẹ̀mí púpọ̀, ó sì jó ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ Kìrìstẹ́nì ṣí lọ sí ìhà gúúsù odò, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì ṣí lọ sí ìhà àríwá. Odò tí gbogbo wa ń kọjá láìro nǹkan kan di ààlà. Ó dun àwa Yorùbá lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, nítorí nínú agboolé kan náà ni a ti ń rí ẹni tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tí ń kírun.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ òtítọ́ níwájú Olúwa. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àdúrà wa yí padà. A fẹ́ kí Ọlọ́run bínú bí a ti ń bínú, kí ó kórìíra ẹni tí a kórìíra. Orin wa kò dínkù, ọrẹ wa kò dínkù, ṣùgbọ́n a ti yá ẹgbọrọ màlúù mìíràn, ìbínú wa ni a sì fi rọ ọ́.

Ní ìlú wa yìí kan náà, Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀ láìní ẹlẹ́rìí. James Wuye, àlùfáà ìjọ Assemblies of God, pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú ìjà ọdún 1992. Nínú rògbòdìyàn ọdún náà ni Ìmáàmù Muhammad Ashafa pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀ méjì. Ẹ̀san ni olúkúlùkù wọn ń wá. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan sọ fún Wuye pé ẹni tí ìkórìíra kún ọkàn rẹ̀ kò lè wàásù Kristi; Ashafa náà sì gbọ́ wàásù ìdáríjì ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n pàdé ní ọdún 1995, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní Kàdúná tí ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ láàrin Kìrìstẹ́nì àti Mùsùlùmí. Olúkúlùkù dúró ṣinṣin nínú ẹ̀sìn tirẹ̀. Ọwọ́ tí a gé kò hù padà, ìjà sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2002. Síbẹ̀ wọn kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ará, ìdáríjì kò sọ pé ibi tí a ṣe kì í ṣe ibi. Òdodo Ọlọ́run wà nínú orúkọ tí ó sọ fún Mósè, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdájọ́ sì wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tọrọ àánú lórí eékún ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí ó sì ń wéwèé ẹ̀san ní ọjọ́ Ajé, kò tíì mọ Ẹni tí ó kúnlẹ̀ fún. Àwọn baba wa ní ìwà lẹwà ọmọ ènìyàn. Ìwà Ọlọ́run ni ẹwà ìsìn wa pẹ̀lú.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tó gbàdúrà, ẹ ka Ẹ́kísódù orí 34, láti ẹsẹ 5 dé 8. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ ẹnì kan tí ń gbé ní òdì kejì odò níwájú Olúwa, kí ẹ sì tọrọ fún un irú oore-ọ̀fẹ́ tí ẹ̀yin tìkára yín gbà. Kí Ọlọ́run aláàánú, onípamọ́ra, pa yín mọ́ lójú àjò. Àmín.